Ìkéde Lórí Lẹ́tà Ògídíolú Tí Kò Béèrè Ohunkóhun

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ọmọ Òkè-Àgbọ̀nrín lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó fi ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń fá orí oníbàárà, kó gbé abẹ kúrò. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó sinmi ná. Ìjà náà kò ní sá lọ.

Òfin tuntun dé! Òfin tuntun dé! Kì í ṣe òfin ewúrẹ́. Kì í ṣe òfin omi ẹ̀rọ. Òfin lẹ́tà ni! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ ìlú yìí bí orí rẹ̀ kò bá pé. Ẹni tí orí rẹ̀ pé náà, kó tún un kà kó tó fi ránṣẹ́!

Ẹ ó máa béèrè pé kí ló fà á. Baálẹ̀ ti pàṣẹ pé kí akéde sọ gbogbo rẹ̀, kó má fi ìkankan pamọ́, nítorí akéde gan-an ló dá ọ̀ràn náà. Wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ sọ "èmi" nínú ìkéde yìí. Wọ́n ní àwọn ka "èmi" tó wà nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, ó jẹ́ mọ́kànlélógójì. Wọ́n ní ó ti lo ti ọdún mẹ́ta tán. Nítorí náà, Ògídíolú la ó máa pè é. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun náà ló ń lu agogo yìí.

Bí Ògídíolú bá kígbe nísàlẹ̀ ọjà, ẹni tó wà lóko Arógun á dáhùn. Ohùn yẹn ló fi ń jẹun láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà kan ta wá lọ́rẹ, tí wọ́n gbé e sí yàrá ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, Baálẹ̀ bi ìgbìmọ̀ pé ta ni yóò máa fi í kọ̀wé. Àwọn ìjòyè ń wo ilẹ̀. Ògídíolú nawọ́.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lò?" Baálẹ̀ bi í.

"Ẹ ó pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Ẹni tó ń bá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn sọ̀rọ̀ láìlo ẹ̀rọ, ṣé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló máa wá dẹ́rù bà á?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìwé mẹ́fà ni Ògídíolú kà. Ìkẹfà ọ̀hún gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á. Màmá Tíṣà Adérónmú, tó fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí níwèé kó tó fẹ̀yìn tì, nawọ́ tirẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló jókòó sí, kò sì lóhùn. Ẹni tó lóhùn la yàn.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ rántí pé nọ́ọ̀sì wa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Oṣù mọ́kànlá ni ilé ìwòsàn fi wà ní títì tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Ewúrẹ́ ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Baálẹ̀ wá ní kí Ògídíolú kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì tó ń pín nọ́ọ̀sì fún àwọn ìlú. Kó sọ fún wọn pé a fẹ́ ọ̀kan. Kó sọ fún wọn pé ilé tí yóò gbé ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbólóhùn méjì! Ògídíolú fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ọ́.

Lẹ́tà ńlá ló fi kọ gbogbo rẹ̀, nítorí ó gbà pé ẹni tó bá fi lẹ́tà kékeré kọ̀wé, ohùn kékeré ló fi ń sọ̀rọ̀, wọn kò sì ní gbọ́ ọ dé olú-ìlú. Àkọlé rẹ̀ ni E GBO O. Kò fi àmì sí i. Ẹni tó bá wù ú lè kà á sí "ẹ gbó o", bí ẹni ń pàṣẹ fún ajá. Lẹ́yìn èyí ló wá kí ọ̀gá ọ́fíìsì náà. Ó kí i káàárọ̀, ó kí i káàsán, ó kí i kúùrọ̀lẹ́, nítorí kò mọ ìgbà tí yóò kà á. Ó kì í lóríkì. Ó ní ọmọ ọkùnrin ògbójú ọdẹ, tí bàbá rẹ̀ fi ojúmọ́ kan pa erin méjì. Obìnrin ni ọ̀gá náà. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ara rẹ̀: èmi ohùn ìlú, èmi alágogo, èmi tí mo ké tí ẹyẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Nígbà tó fi dé ojú ewé kẹta, ọwọ́ ti ń ro ó. Ó kọ "ire o", ó fi ránṣẹ́.

Ẹ gbọ́ o, kò mẹ́nu ba nọ́ọ̀sì! Kò mẹ́nu ba nọ́ọ̀sì rárá! Orúkọ ìlú gan-an, kò kọ ọ́!

Lọ́jọ́ kejì, èsì dé. Ìlà méjì ni. "A rí ìkíni yín, a dúpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ìlú wo ni, kí sì ni ẹ fẹ́?" Ògídíolú ka ìlà àkọ́kọ́, ó sì ti ki eré mọ́lẹ̀ lọ sílé Baálẹ̀.

"Baálẹ̀, wọ́n ti fèsì! Wọ́n ní àwọn dúpẹ́!"

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Ẹni tó bá ti dúpẹ́ ti gbà, Baálẹ̀."

Òfin kìíní nìyí! Òfin kìíní! Ohun tí o bá fẹ́ gbà, inú gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kó wà. Ẹni tó bá rú u, yóò kúnlẹ̀ ka lẹ́tà náà sókè fún ìyá ìyàwó rẹ̀, láìmí!

Òfin kejì! Lẹ́tà ńlá kì í ṣe ohùn ńlá. Ẹni tó bá fi lẹ́tà ńlá kọ odindi ìwé, ọjọ́ méje gbáko ni yóò fi máa kígbe gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ nínú ilé rẹ̀, títí kan "ẹ bá mi na ọwọ́ sí iyọ̀"!

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Kò parí. Nítorí ó dá Ògídíolú lójú pé nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo agboolé pé ká wá pàdé rẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Igbá ló fẹ́ kí kálukú gbé wá, ká lè fi bu omi àti oúnjẹ fún àlejò. Ṣùgbọ́n "E mu igba wa" ló kọ. Kò fi àmì kankan sí i. Ó ní àmì ń fi àkókò ṣòfò.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Odò ru ìgbá tí à ń jẹ wá, apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà, kíkorò ni gbogbo rẹ̀. Àwọn adẹ́mu gbé igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ kọ́ èjìká, wọ́n ń béèrè pé igi wo ni nọ́ọ̀sì fẹ́ kí àwọn gùn. Olóyè Ọ̀tún ní igba ènìyàn ni òun rò pé wọ́n ní kí òun mú wá. Ó ṣa mọ̀lẹ́bí, ó ṣa àna, ó yá ènìyàn méjìdínlógún lábúlé kejì kó tó pé. Gbogbo wọn ló fẹ́ jẹun. Igbá tòótọ́ kan ṣoṣo ló dé. Ti ìyàwó Ògídíolú ni, ó sì ń jò.

A jókòó títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Nọ́ọ̀sì kò dé. Ọ̀tún dìde, ó di ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ògídíolú, ta lo tilẹ̀ ní ó ń bọ̀?"

Ògídíolú ní ọ̀nà ló bàjẹ́.

Òfin kẹta! Àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Igbá ọ̀tọ̀, ìgbá ọ̀tọ̀, igbà ọ̀tọ̀, igba ọ̀tọ̀! Ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, òun ni yóò fún igba ènìyàn Olóyè Ọ̀tún ní oúnjẹ ọ̀sán! Wọ́n ṣì wà. Ebi ṣì ń pa wọ́n.

Ìtìjú ọjọ́ ìgbá yẹn di ìbínú sí Ògídíolú nínú. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, akéde ìlú kejì. Ó ní: "Baálẹ̀ wa ò mọ nǹkan kan. Bí ìpàdé bá ti bẹ̀rẹ̀ ló ń sùn. Ó ń hanrun bí ẹ̀rọ tó ń lọ gàrí." Kò wo ibi tó tẹ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló fi í ránṣẹ́ sí, orúkọ Baálẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Níbi ìpàdé, Baálẹ̀ kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni mò ń hanrun?"

Ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀.

"Mo ní ṣé òótọ́ ni?"

Ìyálọ́jà tún gèlè rẹ̀ wé. "Baálẹ̀, irọ́ ni Ògídíolú pa. Kì í ṣe bí ẹ̀rọ gàrí. Ẹ̀rọ ata ni."

Òfin kẹrin! Wo orúkọ ẹni tí ò ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Tún un wò! Ẹni tó bá rú u, oṣù mẹ́fà ni yóò fi máa ru ìrọ̀rí Baálẹ̀ lọ sí ìpàdé. Ògídíolú ti rù ú fún oṣù méjì. Ìrọ̀rí náà wúwo.

Ẹ̀rín tó. Ẹ sún mọ́bí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ọjọ́ ìgbá, Ìbídùn, àbígbẹ̀yìn Ògídíolú, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lọ́sàn-án gangan. Oyún náà ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé. Wọ́n mú un dé ilé ìwòsàn wa, àgádágodo ló pàdé wọn. Ewúrẹ́ méjì dìde, wọ́n yà fún un. Ọlọ́kadà kan gbé òun àti ìyá rẹ̀, ìyá dì í mú láti ẹ̀yìn. Ògídíolú gun òmíràn tẹ̀ lé wọn. Ibùsọ̀ mẹ́tàlá ni sí ilé ìwòsàn tó wà ní ìlú kejì, wọn kò sì dé ìdajì rẹ̀. Lẹ́bàá afárá, Ìbídùn ní òun kò lè jókòó mọ́. Wọ́n tẹ́ ìborùn sílẹ̀ lábẹ́ igi kajú kan. Ibẹ̀ ló bímọ sí, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ lásán gbẹ̀bí. Ọkùnrin ni. Ọmọ náà ké. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò dá.

Ògídíolú bọ́ sáàárín títì, ó ń kígbe kí ọkọ̀ dúró. Ohùn tó ń dé oko Arógun! Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá. Ọkọ̀ kejì kọjá. Ẹni tó wa ìkẹta tilẹ̀ yí gíláàsì rẹ̀ sókè. Ìkẹrin kó ẹ̀gẹ́, òun ló dúró. Orí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n tẹ́ Ìbídùn sí dé ilé ìwòsàn.

Wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára. Nígbà tó ṣe, nọ́ọ̀sì àgbà kan jáde wá bá Ògídíolú lórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, ó yè. Ká ní ẹ tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ṣé ìlú yín ò ní nọ́ọ̀sì ni?"

"A ti kọ̀wé," Ògídíolú ní. "Wọ́n tiẹ̀ ti fèsì."

Ó yọ fóònù rẹ̀ tí ímeèlì ìlú ń wọlé sí, ó fi hàn án. Obìnrin náà kà á. Ó tún un kà.

"Bàbá, ta ló kọ eléyìí?"

"Akéde ìlú wa ni."

"Wọ́n bi í pé ìlú wo ni. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́. Ó ti ń lọ sí oṣù méjì báyìí, kò dá wọn lóhùn." Ó dá fóònù náà padà fún un, ó rọra fi í sí i lọ́wọ́. "Ẹ bá wa bẹ akéde yín, Bàbá. Ẹ ní kó dá wọn lóhùn."

Ògídíolú tẹjú mọ́ ìlà kejì yẹn. Ibẹ̀ ló ti wà láti ọjọ́ yìí wá, òun ni kò kà á. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ni nọ́ọ̀sì sọ. Ó gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí Ìbídùn ti lè jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, tó sì ti ń fún ọmọ lọ́yàn, Ògídíolú padà wálé. Kò yà nílé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Màmá Tíṣà Adérónmú ló lọ tààrà. Ó bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mo ti ṣẹ̀, Mà. Ẹ kọ́ mi ní lẹ́tà kíkọ."

"Dìde. Jókòó. Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

Ògídíolú tún ọ̀fun ṣe. "Ìkíni tó tó ìkíni, fún ẹni tó tó í kí, ọmọ akin..."

"Dákẹ́." Màmá Tíṣà gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Bí iná bá ń jó ilé rẹ, ṣé oríkì àwọn panápaná lo máa kọ́kọ́ kì?"

"Rárá, Mà."

"Kí lo máa sọ?"

"Iná ń jó ilé mi. Ẹ gbà mí."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀meje ni báírò pupa Màmá Tíṣà kọjá lórí rẹ̀ bí màlúù tó gba oko àgbàdo. Ibi tí gbólóhùn ti ń parí ló dá Ògídíolú lágara jù, nítorí tirẹ̀ kì í parí. Màmá Tíṣà ní: "Nígbà tí o bá ń kéde, níbo lo ti máa ń dákẹ́ lu agogo?" Ògídíolú fi hàn án. "Ibẹ̀ ni kó o fi àmì ìdánudúró sí." Ojú Ògídíolú là! Ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti ń lo àmì ìdánudúró nìyẹn, kò mọ̀.

Ohun tó kọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn nìyí. Baálẹ̀ ní kí gbogbo ìlú gbọ́ ọ:

"Ìlú Òkè-Àgbọ̀nrín ń béèrè nọ́ọ̀sì kan. Ilé ìwòsàn wa ti wà ní títì fún ọdún kan ó lé, ilé tí nọ́ọ̀sì yóò gbé sì ti wà nílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀bá títì ni ọmọ mi bímọ sí, díẹ̀ ló kù kó kú. Ẹ béèrè ohun tí a fẹ́ láti ìgbà pípẹ́, a kò dá yín lóhùn; èmi ni mo jẹ̀bi. Ògídíolú, akéde ìlú."

"Èmi" kan péré ló wà níbẹ̀. Báírò pupa dé orí rẹ̀, ó dúró díẹ̀. Màmá Tíṣà ní kó fi ìyẹn sílẹ̀.

Èsì dé lọ́jọ́ kẹta pé wọ́n ti rí i, wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Ògídíolú kà á dé ìdí. Kò lu agogo. Kò pe ẹnikẹ́ni sí gbọ̀ngàn. Lánàá, Ọjọ́bọ̀, ó ń gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn nígbà tí obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì méjì.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni wọ́n ń pè ní Ògídíolú?"

Ògídíolú fi ìgbálẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. "Kí ló tún ṣe?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ òun ni Rẹ̀mílẹ́kún, òun ni nọ́ọ̀sì tuntun. "Wọ́n to lẹ́tà ìlú mẹ́sàn-án síwájú wa, wọ́n ní ká mú èyí tó bá wù wá. Ìlú mẹ́jọ ló sọ fún wa pé ìlú àwọn lẹ́wà, pé àlejò kì í fẹ́ padà sílé. Tiyín nìkan ni ẹnì kan ti sọ pé òun jẹ̀bi. Mo ní ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ."

Ẹ gbọ́ o! Ògídíolú la ẹnu. Ohùn kò jáde. Ó tún un là. Kò jáde! Ó gbé báàgì méjèèjì, ó ru ọ̀kan lórí, ó gbé ọ̀kan lọ́wọ́, ó ń lọ níwájú, kí àlejò má bàa rí ojú rẹ̀.

Òfin karùn-ún, òun ló kẹ́yìn. Lẹ́tà tó bá wọlé, kà á dé ìparí, kó o sì dá wọn lóhùn. Ìgbìmọ̀ jókòó títí lórí èyí, wọn kò rí ìyà tí wọn yóò fi lé e. Wọ́n ní ẹni tó bá rú u yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ fetí sílẹ̀! Láti òní lọ, Màmá Tíṣà Adérónmú ni akọ̀wé ìlú. Ògídíolú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà bí Màmá kò bá sí níjòókòó. Gbogbo Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn ìjòyè náà yóò sì bá a lọ. Baálẹ̀ ní òun náà ń bọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ tí òun ń hanrun níbẹ̀ jí òun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ilé ìwòsàn yóò ṣí lọ́la, aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Kí aboyún wá. Kí abiyamọ wá. Ìbídùn ti padà dé, ọmọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ igbe tó mi òrùlé, ẹ má sáré, kò sí ewu. Ohùn bàbá ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà jogún, Màmá Tíṣà sì ti ní òun yóò tètè bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀.

Bí Baálẹ̀ ṣe wí ni akéde ṣe sọ. Ẹnu akéde ni, ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ẹ padà sídìí ọbẹ̀ yín, ó ti ń jóná o!